Àpò Fóòmù fún Bátìrì

Orí pápá tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ ni ọmọbìnrin kan ti kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin gíga kan gbójú sókè, ó gbá àpótí kékeré kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, bàálù pupa kan tí kò gùn ju apá èèyàn lọ sì ń yí po lókè orí rẹ̀, ó ń kùn bí oyin. Ọmọbìnrin náà sọ ìdì fóòmù tó rù kalẹ̀, ó dúró wò ó.

Ṣàdédé ni bàálù kò gbọ́ràn mọ́. Ọkùnrin náà ń ti ọ̀pá orí àpótí tó fi ń darí rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń tì í sósì, àmọ́ tààrà ni bàálù ń lọ, ó sì fi imú gúnlẹ̀ sínú koríko nítòsí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà.

Ọkùnrin náà sáré dé. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò bà yín?"

"Kò bà mí. Ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń kí èèyàn ni?"

Ẹ̀rín pa á. Ó kúnlẹ̀, ó ṣí ikùn bàálù. Wáyà ló fi so bátìrì mọ́ pátákó inú rẹ̀, ó so ó pinpin, síbẹ̀ ẹnu ibi tí iná ń gbà jáde ti já.

"Ẹ́ńjìnnì ló ń gbọ̀n ọ́n," ni ó wí. "Bí mo sì ṣe so ó le tó."

"Bí ẹ ṣe so ó le yẹn gan-an ló já a. Orí igi lẹ tẹ́ ẹ sí. Bí igi bá ṣe ń gbọ̀n, òun náà á máa gbọ̀n." Ó fa abẹ yọ, ó gé fóòmù díẹ̀ lára ìdì rẹ̀. "Ẹ fi èyí sí i lábẹ́ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má fún un pa o. Fóòmù tí wọ́n bá fún pa ti di igi."

Bí wọ́n ṣe mọra nìyẹn. Ọmọbìnrin náà jẹ́ ọmọ Bàbá Onífóòmù, àgbà ọkùnrin tó ń ṣe tìmùtìmù àga ní ìkángun òpópónà. Ọkùnrin náà ń tún rédíò ṣe ní òpópónà kejì. Kò pẹ́ tó fi ń pè é ní Abẹ́rẹ́ nítorí ẹnu rẹ̀ tó mú, òun náà sì ń pe ọkùnrin náà ní Páílọ́ọ̀tì.

Ìrọ̀lẹ́ ìgbà náà tutù, ó sì gùn. Wọn á jókòó sínú koríko, Páílọ́ọ̀tì á fi ìka méjì gbé bàálù lábẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì.

"Wò ó. Kò sóhun tó wúwo nínú ẹ̀ tó bátìrì, lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Ibi tó bá jókòó sí ni gbogbo ara ń tẹ̀ sí. Bó bá sún sẹ́yìn, ìrù á wúwo, bàálù á máa nàró títí afẹ́fẹ́ ò fi ní lè gbé e mọ́. Kí imú tẹ̀ síwájú díẹ̀ ló dáa."

"Bí ẹni tó ń kí àgbà."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an, Abẹ́rẹ́ mi."

Bàbá Onífóòmù ni kò rí i bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló tọ́ ọmọ náà, kò sì sí ọkùnrin tó yà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí kò fi ojú wọ̀n. "Àgbàlagbà tó ń ṣeré ọmọdé," ni ó wí. "Kí ló fẹ́ fi ọmọ mi ṣe?"

Abẹ́rẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti wá wo bàálù lórí pápá. Nítorí ọjọ́ náà, Abẹ́rẹ́ rán àpò fóòmù kan fún bátìrì, ó fi awọ búlúù tó ṣẹ́kù lára àga bò ó, ó sì ṣẹ́ etí rẹ̀ dáadáa. Páílọ́ọ̀tì ki bátìrì bọ inú àpò, ó tò ó sínú bàálù, ó fi ìka gbé e wò. Ó tún gbé e wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ṣé ó dáa?" ni Abẹ́rẹ́ bi í.

Ó wo ojú rẹ̀. "Ó dáa gan-an."

Bàálù gbéra. Ó gbé imú sókè, ó tún gbé e sí i, àfi bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, ó dúró gbọnrangandan lójú òfuurufú, ó sì fi ìrù já bọ́. Apá kan dá.

Bàbá rọra rìn débẹ̀. "Kí ló ṣe é?"

"Ìrù ló wúwo, sà. Fóòmù iwájú nípọn, ó ti bátìrì sẹ́yìn."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

Páílọ́ọ̀tì wolẹ̀. "Kí ó tó fò, sà."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "O gbọ́? Ó mọ̀, ó sì ní ó dáa. Ẹni tí ò lè sọ òótọ́ fún ẹ lórí àpò lásán, kí ló máa sọ fún ẹ lọ́jọ́ tí ilé yín bá ń jò?"

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Ohun tó dun Abẹ́rẹ́ nìyẹn. Kò dé pápá mọ́. Bí Páílọ́ọ̀tì bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá kọjá, Abẹ́rẹ́ kì í gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ọkùnrin náà wọlé tòun ti bàálù tó ti lẹ apá rẹ̀ pọ̀. Bàbá wà lẹ́yìn, ó ń kan awọ mọ́ àga, ìṣó kún ẹnu rẹ̀.

"Abẹ́rẹ́, àpò yẹn rẹwà. Ṣùgbọ́n kò dáa fún bàálù."

Ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà dúró lórí ẹ̀rọ. "Máa bá a lọ."

"O rán an bí ìrọ̀rí. Iwájú nípọn jù, ẹ̀yìn fẹ́lẹ́ jù."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo rí bí inú ẹ ṣe ń dùn. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́."

"O wá bà á jẹ́ pátápátá."

"Mo mọ̀. Má bínú."

Abẹ́rẹ́ na ọwọ́, ó gba àpò, ó fi abẹ tú ojú ìrán rẹ̀. Wọ́n jọ gé iwájú fẹ́lẹ́, wọ́n fi fóòmù kún ẹ̀yìn, bátìrì sì sún síwájú láìfara kan igi. Abẹ́rẹ́ fi ìka ara rẹ̀ gbé bàálù. Imú rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀.

"Ìwọ Onírédíò," Bàbá pè láti ẹ̀yìn. "Wá jókòó síbí."

Páílọ́ọ̀tì jókòó lórí àga tí Bàbá ń kan awọ mọ́.

"Báwo ló ṣe rí?"

Kò tíì sí ẹni tó bu àbùkù lu àga Bàbá Onífóòmù rí nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Páílọ́ọ̀tì sún díẹ̀, ó tún sún padà. Ó wo Abẹ́rẹ́, Abẹ́rẹ́ kò sì lè ràn án lọ́wọ́.

"Apá òsì ga díẹ̀, sà. Bí èèyàn bá pẹ́ níbẹ̀, ìbàdí á máa dùn ún."

Bàbá ń yọ ìṣó kúrò lẹ́nu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi ọwọ́ júwe pé kó dìde, ó jókòó síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó mi ìdí sọ́tùn-ún, ó mi í sósì.

"Ó ga lóòótọ́," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Sọ fáwọn òbí ẹ kí wọ́n wá rí mi."

Kí ọdún yẹn tó parí ni wọ́n ṣègbéyàwó. Títí dòní tí irun rẹ̀ ti funfun, Abẹ́rẹ́ kò mọ̀ bóyá ńṣe ni bàbá òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àga yẹn bẹ́ẹ̀. Ohun tó rántí ni ariwo òjò lórí páànù, àti bí bàbá rẹ̀ ṣe tú awọ náà kúrò, tó na etí kan sí Páílọ́ọ̀tì.

"Di ibí yìí mú. Fà á dáadáa."

Abẹ́rẹ́ dìde nídìí ẹ̀rọ, ó lọ di etí kejì mú láìjẹ́ pé wọ́n pè é.