Oògùn tí Yèyé Fi Pamọ́

"Gbé àgbọ̀n lé ibí," ni dókítà ojú wí. "Má ṣẹ́jú."

Yèyé gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ náà. Ìmọ́lẹ̀ búlúù kan sún mọ́ ojú rẹ̀ títí ó fi kàn án. Láti aago méje àárọ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀ ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọ̀sán sì ti pọ́n báyìí. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù pa lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù yẹn nítorí ojú ọmọ yìí. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń tòògbé.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Yèyé. Bàbá rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀ kó tó kú, nítorí ó jọ ìyá bàbá náà bí ìmumu. Olùkọ́ ìṣirò rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura. Lẹ́ẹ̀mejì ni Yèyé fo ìbéèrè tó wà létí bọ́ọ̀dù nínú ìdánwò, tó sì ń búra pé òun kò rí i níbẹ̀.

"Ìfúnpá inú ojú rẹ ga jù," ni dókítà wí. "Glókómà ni wọ́n ń pè é. Ó ń pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, iṣan náà kì í sì í jí tó bá ti kú. Àmọ́ ó ju oríṣi kan lọ lára ọmọdé. Wọ́n ń bí òmíràn mọ́ ọmọ. Ojú á tóbi, á máa ṣomi, kò sì ní fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀. Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Òmíràn ń ti ìdílé wá, á sì wá yọjú nígbà tí ọmọ bá ń bàlágà. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé nǹkan ló fà á, ìfarapa tàbí oògùn. Ṣé o ti lo oògùn ojú kankan rí?"

Yèyé fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ìyá rẹ̀, ó ṣì ń tòògbé.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ó ń pọ́n. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ojú-Ata. Olóògùn ìtòsí ilé wọn ta oògùn kan tí wọ́n ń kán sójú fún ìyá rẹ̀, ojú náà sì funfun kedere lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìyá rẹ̀ ní ó tó, kó dá a dúró. Yèyé ní òun ti jù ú nù. Kò jù ú nù. Bí ọ̀kan ti ń tán ló ń ra òmíràn, ó ń kán an láràárọ̀ nínú balùwẹ̀. Igo rẹ̀ wà nínú báàgì tó gbé lé itan báyìí.

"Rárá, mà," ló fi dáhùn.

Dókítà fọwọ́ kan ìyá rẹ̀ léjìká, ìyẹn sì lajú. "Ṣé ẹnì kan fọ́jú nínú ìdílé yín?"

"Bàbá tó bí mi," ni ìyá náà wí. "Nígbà tí wọ́n darúgbó."

"Ó lè jẹ́ ti ìdílé nìyẹn." Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀.

Oṣù méjì kọjá. Wọ́n ń kán oògùn tuntun, ìfúnpá náà kò sọ̀ kalẹ̀. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù, àti pé kí wọ́n mú àbúrò Yèyé obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, wá fún àyẹ̀wò. Nígbà tí oògùn àyẹ̀wò ta ọmọ náà lójú, ẹkún kò dá lẹ́nu rẹ̀. Ìyá wọn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fara dà á," ló wí. "Ẹ̀jẹ̀ mi ló kó bá yín."

Kò sunkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti rẹ̀ kọjá ẹkún. Ohun tó gún Yèyé láyà nìyẹn. Ó ṣí báàgì, ó gbé igo náà sórí tábìlì.

"Dókítà, mo purọ́ fún yín. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń kán an."

Dókítà ka ohun tí wọ́n kọ sára igo náà. "Oògùn yìí dára fún ọjọ́ díẹ̀, tí dókítà bá ń ṣọ́ ọ," ló wí. "Fún ọdún méjì? Òun ló ń gbé ìfúnpá ojú rẹ ga. Làpálàpá lo ń pa, ẹ̀tẹ̀ ń jẹ ojú ẹ lọ."

"Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló ń fi ojú mi ṣe yẹ̀yẹ́, mà."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó máa yá ẹ lójú."

Ìyá rẹ̀ ń wo igo náà. "Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mi, àbí?"

"Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ yín, mà. Ojú àbúrò rẹ̀ dá ṣáṣá."

Dókítà dá oògùn náà dúró, ó fún un ní èyí tó yẹ fún ojú yíyún. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìfúnpá náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì fagi lé iṣẹ́ abẹ. Wọ́n tún gbé Yèyé síwájú ẹ̀rọ kan, kó máa tẹ bọ́tìnnì bó bá ti rí iná. Ọ̀pọ̀ iná tó tàn lápá òsì ni kò rí.

"Ṣé ó máa padà, mà?"

"Kò ní padà. Ká ní o sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, bóyá ì bá ṣẹ́ kù jù báyìí lọ. Èyí tó kù la ó máa ṣọ́."

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ìyá rẹ̀ kò bú u. Ó kàn kúrò lápá ọ̀tún, ó yí sí apá òsì rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ibi tí o kò bá rí, màá máa bá ẹ wò ó," ló wí. "Àmọ́ ohun tí o bá fi pamọ́ sínú, dókítà ò lè rí i, èmi náà ò lè rí i. Máa sọ ọ́."

"Ẹ ṣé, mà," ni Yèyé wí.