Ọjọ́ Mẹ́wàá Lẹ́nu Àgò Ajá

Téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn ọmọbìnrin kan nígbà tó fi èjìká ti ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn ẹran wọlé. Ajá pupa kan ló gbé dání, ó fi aṣọ fèrèsé wé e láti ọrùn dé ìdí. Itọ́ ń hó lẹ́nu ajá náà bí ọṣẹ. Ẹ̀jẹ̀ ń kán tẹ̀ lé wọn láti ẹnu ọ̀nà títí dé iwájú tábìlì.

Dókítà ń nu etí ológbò arúgbó kan lọ́wọ́. Ó gbójú sókè. Ẹwà ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ gbá a láyà, bí ìgbà tí èèyàn ṣèèṣì ṣí fèrèsé tí oòrùn sì wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ yẹn kò jẹ́ kó ráyè wo ẹwà.

"Ẹ̀jẹ̀ ajá ni, àbí tiyín?"

"Ẹ jọ̀ọ́, kò jẹun láti àná, kò lè gbé nǹkan mì, ó kàn ń fi ẹsẹ̀ ha ẹnu—"

"Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ojú eyín méjì wà nínú ẹran abẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀.

"Tèmi ni," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Dókítà ti ajá sínú àgò irin, ó tì í pa, ó sì mú ọmọbìnrin náà lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ó fi ọṣẹ sí i lọ́wọ́. "Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la máa fi fọ̀ ọ́."

"Ojú ọgbẹ́ kékeré yìí?"

"Òun náà. Tó bá yá, ẹ lè wá bínú sí mi."

Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú sábẹ́ omi. Bí omi ṣe ń ṣàn lọ ni ọ̀rọ̀ ń jáde. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju àdúgbò kejì lọ. Ajá náà ló ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, Ṣetìrẹ lorúkọ rẹ̀. Orúkọ yẹn pa Dókítà lẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìgbà wo ló gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kẹ́yìn?"

"Yóò tó ọdún méjì. Iṣẹ́ ló pọ̀."

"Ajá mìíràn bù ú jẹ láìpẹ́ yìí?"

Aránṣọ wá rántí. Ajá ìgboro kan ti fa Ṣetìrẹ létí ya ní bí oṣù kan ààbọ̀ sẹ́yìn. Ó fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ó jinná, ó sì gbàgbé. Nígbà tó sọ èyí, Dókítà kò bá a wí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú le díẹ̀ sí i, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti wọ inú ọmọbìnrin náà.

"Ohun kan wà lọ́kàn yín. Ẹ sọ ọ́."

"Dìgbòlugi."

Dókítà fa àga sábẹ́ rẹ̀, omi ṣì ń ṣàn lórí ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ egungun ló há a lẹ́nu, ìyẹn la máa ń rí jù. Ṣùgbọ́n títí a ó fi mọ̀, bí ẹni pé èyí tó burú ni la ó ṣe máa ṣe é. Àìsàn yẹn, tó bá ti fara hàn lára èèyàn, ọwọ́ kò lè ká a mọ́. Tí abẹ́rẹ́ bá tètè ṣáájú rẹ̀, kò ní rí ọ̀nà gbà. Ẹ ti tètè wá."

Ó fún ajá ní abẹ́rẹ́ oorun, ó wọ ìbọ̀wọ́ lé ìbọ̀wọ́, ó la ẹnu rẹ̀. Egungun adìyẹ kan dábùú òkè ẹnu, ó ti gún erìgì. Nígbà tó fà á yọ, aránṣọ rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó tán nìyẹn?"

"Kò tíì tán o. Egungun wà níbẹ̀ kò ní kí nǹkan mìíràn má sí níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá la ó fi ṣọ́ ọ. Ajá tí àìsàn yẹn bá ti wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó buni jẹ, kì í lò tó ọjọ́ mẹ́wàá láyé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, òní lẹ ó lọ gba abẹ́rẹ́, kì í ṣe ọ̀la."

"Èmi nìkan?"

Dókítà wò ó. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ kọ́, ó ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì jọ lọ.

Ní ilé ìwòsàn èèyàn, nígbà tí nọ́ọ̀sì ń gún yípo ojú ọgbẹ́ náà, Dókítà ń bá aránṣọ sọ̀rọ̀ kó lè gbàgbé ìrora ọwọ́ rẹ̀. "Nínú gbogbo ohun tó ti bù mí jẹ, ìjàpá ló dùn mí jù. Ó bù mí jẹ tán, kò tiẹ̀ lè sá lọ. Ó kàn dúró, ó ń wò mí."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu aránṣọ títí nọ́ọ̀sì fi ní kó jókòó jẹ́ẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti pa ṣọ́ọ̀bù dé lọ́sàn-án, ilé ìwòsàn ẹran ló ń kọjá sí. Dókítà ti fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀ níwájú àgò, kò gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀. Yóò jókòó lẹ́yìn ìlà, yóò máa fọwọ́ ṣẹ́ etí aṣọ, ojú rẹ̀ á wà lára ajá. Ó jẹun? Ó jẹun. Ó mu omi? Ó mu. Ọjọ́ kan lọ nìyẹn.

Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ bí Dókítà ṣe ń dá àwọn èèyàn lóhùn. Obìnrin kan fún ológbò rẹ̀ ní oògùn ẹ̀fọ́rí tí òun fúnra rẹ̀ ń lò. Dókítà kò pariwo mọ́ ọn. "Ìyá, ìfẹ́ lẹ fi ṣe é, ṣùgbọ́n májèlé ni fún ológbò. Ẹ jẹ́ ká tètè bẹ̀rẹ̀." Ọkùnrin kan gbé ọmọ ajá tó ń bì, tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ wá, ojú ń tì í pé òun fẹ́ sunkún. Dókítà fún un ní àga, ó sì kọjú sí ògiri kí ọkùnrin náà lè sunkún rẹ̀ tẹ́rùn.

Ní ọjọ́ kẹrin, wọn ò bá ara wọn sọ "ẹ̀yin" mọ́.

"O ti gún ara rẹ lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí mo ti ń wò ọ́," Dókítà wí.

"Ta ló ní kóo máa wò mí? Ajá ni mo fi sọ́dọ̀ rẹ pé kóo máa wò."

"Ojú méjì ni mo ní, olówó orí mi. Mo pín wọn."

"Ta ni olówó orí rẹ? Ìwọ lo ń ṣe ọkọ àbí èmi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní gbogbo òwúrọ̀, kí aránṣọ tó dìde lórí ibùsùn, ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kó gbé itọ́ mì, kó wò ó bóyá yóò lọ. Tó bá lọ, á dìde. Kò sọ fún bàbá rẹ̀. Ó fi aṣọ alápá gígùn bo ọwọ́ tó dì.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá náà, òun nìkan ló tọ́ ọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, aládùúgbò kan kí i pé, "Ẹ kú ewu ajá o," bàbá sì yọ lẹ́nu ọ̀nà Dókítà pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́.

"Ṣí àgò yẹn."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè ṣí i."

"Mo ní kóo ṣí i!" Ó na òòlù sí àgò náà. "O mọ ohun tí mo rí? Ọmọ ọdún méje ni àbúrò mi. Ajá bù ú jẹ, a da epo sí i, a ní ó ti san. Nígbà tí àìsàn náà dé, òùngbẹ ń pa á, kò sì lè mu omi. Èmi ni mo gbé ife sí i lẹ́nu. Ó rí omi, ó figbe ta bíi pé iná ni mo gbé wá. Ọwọ́ mi yìí ni!"

Aránṣọ kò gbọ́ ìtàn yìí rí. Ó kàn mọ̀ pé bàbá òun kì í gba ẹ̀gbẹ́ ajá kọjá.

"Tí ẹ bá pa á lónìí," Dókítà wí jẹ́jẹ́, "ajá nìkan ló máa kú, ẹ̀rù yín ò ní kú. Ẹ fún mi ní ọjọ́ márùn-ún tó kù. Ọmọ yín ti ń gba abẹ́rẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí ṣe fún àbúrò yín, a ti ń ṣe é fún un."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀, ó wo ibi tó dúró sí, bí èjìká rẹ̀ ṣe súnmọ́ èjìká Dókítà. Ó rẹ òòlù sílẹ̀.

"Ó fẹ́ràn rẹ. Mi ò fọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹnu ajá lo ń kó ọwọ́ sí láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ kan, wọn á ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá gbé ife omi fún ọkọ ọmọ mi. Mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ọmọ mi, jẹ́ ká lọ sílé. O ò gbọ́dọ̀ padà wá síbí."

Ó lọ. Aránṣọ kò lè kọ̀ sí i lẹ́nu, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa rí omi lójú bàbá rẹ̀. Dókítà ń pè é lórí fóònù ní àràárọ̀, ọ̀rọ̀ kò sì gùn: "Ó jẹun. Ó mu omi. Èmi ni kò lè jẹun."

Ní ọjọ́ kẹjọ, ohùn rẹ̀ yàtọ̀.

"Mo ṣèlérí pé mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́ fún ọ. Kò jẹun láàárọ̀ yìí. Kò fẹnu kan omi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ń yẹ̀."

Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ aránṣọ. Ó gbìyànjú láti gbé itọ́ mì, ẹnu rẹ̀ gbẹ táútáú. Bàbá, tó ń gbọ́ láti ìdí ilẹ̀kùn, fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wọ bàtà. Àwọn méjèèjì ló jọ sáré dé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì rántí òfin tó ṣe.

Ajá dùbúlẹ̀ bí aṣọ tó já sílẹ̀ lórí okùn. Dókítà ti wọ ìbọ̀wọ́, ó wo erìgì rẹ̀, ó funfun bí ẹfun. Ó la àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, eégbọn mẹ́ta wà níbẹ̀, wọ́n yó bámúbámú. Ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó fi ẹ̀rọ wò ó, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò níbẹ̀.

"Ibà tí eégbọn ń kó ran ajá ni mo rí. Ìbá dáa kí n ti wo àárín ìka yẹn lọ́jọ́ kìíní, ẹnu ni mo gbájú mọ́. Oògùn rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n mi ò ní búra fún yín pé òun nìkan ni. Ọjọ́ méjì ló kù."

Bí ó ṣe ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, bàbá rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ̀rù ń bà ọ́," bàbá wí.

"Ó ń bà mí, sà."

"Lónìí nìkan?"

"Lójoojúmọ́. Mo ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tèmi lásìkò, mo ń wọ ìbọ̀wọ́, mo ń fọ ọwọ́. Tí mo bá ṣe gbogbo ẹ̀ tán, ẹ̀rù á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, màá sì ṣiṣẹ́ mi."

Bàbá fa àga kan, ó jókòó sẹ́yìn ìlà ẹfun. Kò sì lọ sí ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, tàbí ní ọjọ́ kejì rẹ̀, tí ajá kò gbórí sókè rárá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, Dókítà fi igi ti abọ́ omi sínú àgò. Ajá wò ó, kò mira. Aránṣọ di ọwọ́ Dókítà mú lójú bàbá rẹ̀, kò sì tijú. Wọ́n dúró. Ológbò kan ké nínú yàrá kejì. Ajá gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ títí ó fi dé ìdí abọ́. Ó na ahọ́n.

Ó ń lá omi. Ìró rẹ̀ gba gbogbo yàrá.

"Ó mu ún," bàbá wí. "Ó mu ún! Ẹ wò ó, ó ń mu ún!" Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún yìí sì bú sẹ́kún bí ọmọ kékeré.

Nígbà tó nu ojú tán, ó kọjú sí Dókítà. "Mo rò pé àwọn tí ẹ̀rù kì í bà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mi ò lè fún irú wọn lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tó sì ń fọ ọwọ́ rẹ̀... jẹ́ kí n lọ rò ó."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi rò ó kó tó gbà. Láàárín ìgbà yẹn, ó kan bẹ́ǹṣì tuntun méjì fún àwọn tó ń dúró de Dókítà, ó sì ń bá wọn jókòó lórí rẹ̀, ó ń bi gbogbo ẹni tó bá gbé ajá wọlé pé, "Ṣé tìrẹ ti gba abẹ́rẹ́?"

Lọ́jọ́ tí aránṣọ gba abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, Dókítà sìn ín lọ bó ti máa ń ṣe. Wọ́n jáde sí ẹnu géètì.

"Abẹ́rẹ́ ti tán," aránṣọ wí. "Kò síbi tóo máa sìn mí lọ mọ́."

"Mo fẹ́ máa sìn ọ́ lọ sílé."

"Ilé ta ni?"

"Tiwa. Bí o bá gbà."

Ó wojú rẹ̀ pẹ́, ó ń wá ibi tí ẹ̀rù wà níbẹ̀. Ó rí i. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. "Mo gbà," ó wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti gbà. Ìwọ ni kò tètè béèrè."

Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé níwájú akọ̀wé ìgbéyàwó. Wọn ò tíì sọ̀kalẹ̀ tán lórí àtẹ̀gùn nígbà tí màmá arúgbó kan fi agbọ̀n pàdé wọn, èémí rẹ̀ ń já. Akọ ológbò rẹ̀ kò lè tọ̀ láti àná. Ó ń lóṣòó, ó ń ké, kò sí ohun tó ń jáde.

Dókítà wo ìyàwó rẹ̀. Ó mọ̀ pé akọ ológbò tí ìtọ̀ há mọ́ nínú kì í pẹ́ kú.

"Kí lo ń wò mí fún?" ìyàwó wí. "Mú kọ́kọ́rọ́ jáde."

Nínú yàrá ìwòsàn, ìyàwó wọ ìbọ̀wọ́ lé apá aṣọ ìgbéyàwó, ó di èjìká ológbò náà mú. Ológbò la ẹnu, ó fi eyín hàn án. Gbogbo ara ìyàwó ń gbọ̀n láti òkè délẹ̀. Dókítà dá ọwọ́ dúró, abẹ́rẹ́ oorun wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé kí n pe ẹlòmíràn?"

"Ṣe iṣẹ́ rẹ, ọkọ mi," ó wí. "Mo dì í mú."