Àlàájà Àràmọ́tù Sọ Àlejò Di Ọmọ

Kókó ń hó lórí iná ní oobẹ́jì, ilé tí Àlàájà Àràmọ́tù fi ń gba àlejò sùn, ní Zongo, nílùú Parakou, nígbà tí Awwal onízémì, tó ń fi alùpùpù gbé èrò, já wọlé bí ẹni tí kìnnìún méje ń lé.

"Àlàájà! Ẹ ò tíì gbọ́? Ìjọba ìlú ní mérì fẹ́ gba owó lórí gbogbo ẹni tó bá sùn ní oobẹ́jì! Wọ́n ní ẹni tó bá hanrun, ìlọ́po méjì!"

Ìpọnkókó bọ́ lọ́wọ́ Àlàájà. Yàrá mẹ́fà péré ló ní. Òun ló fi tọ́ ọmọ, òun ló fi lọ Mẹ́kà.

"Wọ́n fẹ́ pa mí nìyẹn!"

"Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ o." Awwal mu kókó tirẹ̀ gbẹ, ó gun zémì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àlàájà ronú títí orí rẹ̀ fi gbóná ju ìkòkò kókó lọ. Tí kò bá sí àlejò, kí ni mérì máa gba owó lé lórí? Ló bá ní kí wọ́n sọ pátákó oobẹ́jì kalẹ̀, ó kó àwọn tó sùn mọ́jú jọ sí àgbàlá.

"Láti òní lọ, èmi ni mo bí yín. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, Ìyá wa!" Àbdùlmàjíìdì ló dáhùn, oníṣòwò àlùbọ́sà láti Malanville, ọkùnrin tó ga débi pé tó bá wúkọ́, ẹyẹ tó ń fò kọjá a ní "pẹ̀lẹ́". Òyìnbó kan tó wá wo ọdún Gaaní ní Nikki, tí oòrùn ti sọ di ata rodo, náà gbé e: "Ìyáà mi!"

Kò pẹ́ tí Ọláwùmí, òṣìṣẹ́ mérì, fi wọlé, aládùúgbò bíi mélòó kan sì tẹ̀ lé e.

"Àlàájà, ẹ kú ilé o. Àwọn àlejò yín ńkọ́?"

"Àlejò kẹ̀? Àwọn ọmọ mi nìyí. Inú mi yìí ni gbogbo wọn ti jáde."

Ọláwùmí wo òyìnbó. "Èyí náà ńkọ́?"

"Àbíkẹ́yìn mi ni. Bàbá rẹ̀ ló jọ."

Àbdùlmàjíìdì gbé ẹrù rẹ̀, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Àlàájà sáré tẹ̀ lé e, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Owó ibùsùn dà?"

Ọkùnrin náà pariwo: "Há, Ìyá! Láyé àwọn baba wa, onílé Zongo a máa gba oníṣòwò sílé bí ọmọ. Ọmọ ilé kì í sì í san owó ẹní!"

"Òótọ́ ni! Gbogbo wa la gbọ́ ọ lẹ́nu yín!" ni àwọn aládùúgbò ń wí. Òyìnbó náà gbé báàgì kọ́ èjìká, ó tẹríba: "Ìyáà mi, ó dàbọ̀!"

"Ọláwùmí, gbà mí o! Èmi kọ́ ni mo bí wọn! N ò mọ ìyá wọn rí!"

Ọláwùmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àlàájà, ta ló ní wọ́n ti ń gba owó? Ìgbìmọ̀ ìlú ṣì ń rò ó ni. Tí wọ́n bá sì fọwọ́ sí i, àlejò ló máa san díẹ̀ lé owó yàrá. Ẹ̀yin á kàn bá mérì gbà á ni."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Kí wọ́n fi polongo agbègbè wa, kí ẹni tó ń lọ wo Gaaní lè dúró sùn lọ́dọ̀ wa."

"Tí owó náà bá wá lé àlejò sá ńkọ́?"

"Ìbéèrè tí mo ń wá kiri nìyẹn! Ẹ gbé e wá sí ìpàdé ní Ọjọ́bọ̀. Ìpè ni mo wá pè yín."

Ní Ọjọ́bọ̀, Àlàájà dìde níwájú gbogbo ìgbìmọ̀. "Kí owó náà má pọ̀ débi tí àlejò á fi sá. Ẹ máa kéde ohun tí ẹ bá fi ṣe, kí ẹ sì fi àwa olóobẹ́jì sáàárín àwọn tó máa ṣọ́ ọ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má ka ohùn tèmi mọ́ ọn." Àtẹ́wọ́ tó dún níbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí òrùlé fò dé Nikki. Wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tó délé, Àbdùlmàjíìdì tó ti padà wá ló bá lórí àkàbà, ó ń kan pátákó oobẹ́jì padà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó na owó sí i.

"Ti yàrá nìyí, tèmi àti ti àbúrò mi òyìnbó." Ó wá gbé apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà kan lé e lọ́wọ́. "Èyí ni ti Ìyá."

Ẹ̀yin ará wa, tí ẹ bá gbọ́ ìròyìn owó-orí tuntun, ẹ bi mérì kí ẹ tó sọ pátákó yín kalẹ̀. Ẹ má san án fún ẹnikẹ́ni kí òfin rẹ̀ tó jáde. Tó bá sì jáde, ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti san án. Ẹ lọ sí ìpàdé, kí ẹ la ẹnu yín níbẹ̀. Ẹni tó bá ń sá pamọ́ fún mérì, àlejò náà kò ní rí i.