Àpótí Ohùn Ìlú Márùn-ún

Nígbà tí wọ́n ṣí yàrá ohùn ní ilé ìkàwé láàárọ̀ ọjọ́ náà, àpótí dúdú kékeré orí tábìlì ti fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Inú rẹ̀ ni ìtàn tí àwọn arúgbó ìlú márùn-ún fi ẹnu ara wọn sọ wà, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni àwọn aṣojú ìlú mẹ́rin yòókù ń bọ̀, kí wọ́n lè jọ gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé.

Ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá, Ó-Rẹ̀-Mí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é lẹ́yìn, nítorí gbólóhùn tó fi ń jí nìyẹn, òun náà ló sì fi ń sùn. Ó wo yàrá náà yíká. Olè kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kankan. Wáyà tí wọ́n fi ń so àpótí náà mọ́ kọ̀ǹpútà ṣì wà lórí tábìlì, wọ́n ká a rogodo, wọ́n sì fi okùn pupa dì í láàárín. Ó mí kanlẹ̀. Olè tó ní sùúrù, wàhálà ni.

Ó kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá ilé ìkàwé ní ọ́fíìsì, níbi tí wáyà fóònù ọ̀gá ti lọ́ mọ́ra bí ìfun ewúrẹ́.

"Ọlọ́dẹ ni kí ẹ mú," ọ̀gá sọ. "Òun ló sun ibí."

"Ta ni kò fẹ́ kí iṣẹ́ yìí yọrí?"

"Kò sí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìlú márààrún ti fohùn ṣọ̀kan."

Ọlọ́dẹ ò tiẹ̀ dìde lórí àga rẹ̀ lẹ́nu géètì. "Ọ̀gá mi, kí ni mo fẹ́ fi ohùn arúgbó ṣe? Ti ìyá ìyàwó mi nìkan tó mi í gbọ́. Wọn ò já ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i, èmi ò sì ní kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá ní ọ̀kan, Àǹtí Agbohùn ní ìkejì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ."

Agbohùn ni obìnrin tó ń lọ láti ilé dé ilé gba ohùn àwọn arúgbó sílẹ̀. Yàrá kejì ló wà, tòun ti íyápíìsì létí, wáyà rẹ̀ wọ inú báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ má wo ojú mi, sà. Oṣù tó kọjá la sin ìyá mi."

Bó ti ń sọ̀rọ̀ ló yọ íyápíìsì náà, tó ń ká wáyà rẹ̀ rogodo. Ó fa okùn pupa kan yọ nínú àpò, ó dì í. Kò wo ọwọ́ ara rẹ̀ rárá. Ó-Rẹ̀-Mí ló ń wò ó, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

Ó ní kí gbogbo wọn wá sí yàrá ohùn, ó gbé wáyà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

"Olè tó ń kánjú á já wáyà ni. Ẹni tó ṣe èyí, iṣẹ́ ti mọ́ ọn lára débi pé kò lè fi wáyà sílẹ̀ wúruwùru, kódà nígbà tó ń jalè. Ọlọ́dẹ ò ní kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá ní kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí wáyà tiwọn. Ìwọ ni, ọmọ mi. Èèyàn kì í sì í jí ohùn kó tún jókòó máa gbọ́ ọ, àfi tó bá jẹ́ pé èèyàn rẹ̀ wà níbẹ̀."

Obìnrin náà ṣí báàgì rẹ̀, ó gbé àpótí náà jáde.

"Ìyá mi ni. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ọmọ kan tí wọ́n gbé jù sílẹ̀ kí wọ́n tó fẹ́ bàbá wa. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ará ìta gbọ́. Mo bẹ ọ̀gá títí. Ọ̀gá ní ohùn tó bá ti wọ àpótí ti di ti gbogbo ìlú."

"Ṣé o ti pa á rẹ́?"

"Àtàárọ̀ ni mo ti fẹ́ pa á rẹ́, sà. Ṣùgbọ́n ìyá mi pe orúkọ mi níbẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí mo ti lè gbọ́ ohùn wọn mọ́."

"Ẹ mú un lọ," ọ̀gá sọ.

Ó-Rẹ̀-Mí kò mú ẹnikẹ́ni. Ó jókòó. Àwọn aṣojú ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ti gbọ́. Tíṣà àgbà obìnrin kan ló kọ́kọ́ wọlé nínú wọn.

"Ìyá kan lọ́dọ̀ wa bẹ̀ wá bákan náà," ó sọ. "Ojú ló tì wá. A rò pé ẹ̀yin ò ní gbà."

"Àwa náà ní méjì," ẹnì kan sọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀gá fa àga jáde fún wọn.

"Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn ìtàn tí a ò ní gbé jáde."

"Ẹjọ́ ńkọ́?" Ó-Rẹ̀-Mí bi í.

"Ẹjọ́ wo?"

"Ó dáa. Ẹ ṣe ẹ̀dà ohùn ìyá yẹn sínú fóònù ọmọ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ ọ́."

Nígbà tó dé inú ọkọ̀, kò ṣáná sí i. Ó pe ilé lórí fóònù.

"Kí ló dé?" ìyá rẹ̀ bèèrè. "Ṣé kò sí?"

"Kò sí, Màámi. Ó rẹ̀ mí ni. Ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀."