Sẹ́ǹtì Bàbà Tí Royce Fi Dí Ẹnu Ẹ̀rọ

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, tí o ti mọ gbogbo ohun tí oníwàásù fẹ́ sọ kó tó lanu, jókòó. Mi ò ní sọ ìtàn ẹni mímọ́ kankan fún ọ. Royce Stamper ni mo fẹ́ sọ fún ọ, ọkùnrin orí òkè ní Kentucky, ní Amẹ́ríkà, tí kò gba ohunkóhun gbọ́ àfi ọwọ́ ara rẹ̀ àti agolo bíà rẹ̀.

Royce ní ẹ̀rọ kan ní ìsọ̀ ẹ̀yìn ilé rẹ̀, èyí tí ń rọ afẹ́fẹ́ sínú ìbọn. Má rò pé irú èyí tí fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà ni. Afẹ́fẹ́ inú táyà, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí le débi pé òun nìkan, láìsí ẹ̀tù, ló ń lé ọta jáde tó fi ń pa ọ̀kẹ́rẹ́ lórí igi.

Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ni. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kò burú, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìtọ́jú bí ọmọ tuntun. Omi tútù gbọ́dọ̀ wà nínú garawa tí yóò máa tù ú lára. Ọ́ìlì tirẹ̀ gan-an ló ń mu, kì í ṣe ti mọ́tò. Ó ń fẹ́ ìsinmi. Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù, ìri omi máa ń kó sí i nínú bó ṣe ń ṣiṣẹ́, èèyàn sì gbọ́dọ̀ máa ṣí ẹnu ìtú rẹ̀ lóòrèkóòrè kí omi náà lè jáde. Omi tí a kò bá tú, irin ló ń jẹ.

Ó tún ní irin pẹlẹbẹ kékeré kan, fẹ́lẹ́ bí èékánná, tí wọ́n fi dí ihò kan lára rẹ̀. Bí ipá afẹ́fẹ́ bá kọjá ààlà, irin yìí ni yóò kọ́kọ́ bẹ́, kí ìyókù má baà bẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún nìyẹn.

Royce mọ gbogbo èyí. Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé tuntun, àtàárọ̀ ló ti ń nù ún. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin àfonífojì ìsàlẹ̀ òkè náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìbọn wá kó bá wọn rọ ọ́, bíà ni wọ́n sì fi ń dúpẹ́. Bíà wọlé, ìtọ́jú jáde. Ó ń jókòó mutí, kò tú omi mọ́. Ọ́ìlì mọ́tò tó ṣẹ́kù nínú píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ló ń dà sí i.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ìgbà ọdẹ ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀, irin pẹlẹbẹ náà bẹ́ lójijì, ó dún bí ìbọn. Gbogbo àwọn tó wà ní ìsọ̀ dojú bolẹ̀. Royce nìkan ló dúró, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dìde o, ẹ̀yin akọni. Ẹ̀rọ lásán ló só."

Kò ní irin mìíràn nílé. Ó yọ sẹ́ǹtì kan, owó ẹyọ Amẹ́ríkà, nínú àpò, irú ti àtijọ́ tí wọ́n fi ojúlówó bàbà ṣe. Ó fi ayùn irin rẹ́ etí rẹ̀, ó sì fi dí ihò náà. Enos Caudill dúró tì í, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣọdẹ láti kékeré, tí Jésù ti já gbà lọ́wọ́ ọtí.

"Royce, kí lò ń ṣe yẹn?"

"Ohun tí bàbá mi ń ṣe ni. Gbogbo ìgbà tí fíúsì ilé wa bá jó, sẹ́ǹtì ló ń fi sẹ́yìn ẹ̀ kí iná lè máa wá. Ilé náà ṣì dúró dòní."

"Ilé wo? Èyí tó jóná, àbí èyí tá a bá yín kọ́ lẹ́yìn ẹ̀?"

Àwọn ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Ojú Royce le.

"Ìbọn lo wá rọ ni, àbí o wá wàásù?"

"Irin yẹn ò ṣàdédé bẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Nǹkan kan ti bàjẹ́ níbòmíì. Dúró kí tuntun dé. Ìwọ náà sì rò ó wò, Ọlọ́run fi irú ẹ̀ sí ẹ láyà. Ó bẹ́ lọ́jọ́ tá a sin ìyá ẹ. O sunkún, o ní o ò ní mutí mọ́. Kí lo wá fi dí i?"

"Enos, gbé ìbọn ẹ kó o máa lọ sílé. Tí mo bá fẹ́ lọ sọ́run àpáàdì, mo mọ ọ̀nà."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Ẹni tó o máa mú dání lọ ni mò ń bẹ̀rù fún."

Ní ọjọ́ Ẹtì, Tully gbé ìbọn rẹ̀ dé. Àbúrò Royce ni, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń kan àga tà.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ̀rọ yín pariwo lọ́jọ́sí. Ṣé ẹ ti tún un ṣe?"

Royce wà lórí àga, agolo lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ, ìyẹn rárá.

"Mo ti tún un ṣe. Ìwọ ṣáà máa wo mítà tó ń ka afẹ́fẹ́ yẹn, kó o pa á tó bá dé ojú ìlà pupa."

Tully bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ìbọn rẹ̀, ó ń wo mítà. Ṣùgbọ́n omi tí Royce kò tú ti jẹ́ kí abẹ́rẹ́ mítà dógùn-ún. Ó há, kò rìn mọ́. Afẹ́fẹ́ ń pọ̀, mítà ń purọ́, sẹ́ǹtì bàbà dúró gbọn-in. Irin pẹlẹbẹ ì bá ti bẹ́. Sẹ́ǹtì kò bẹ́. Orí ẹ̀rọ ló fò yọ.

Ó fọ́ àgbọ̀n Tully, ó sì mú ojú ọ̀tún rẹ̀ lọ.

Hẹlikópítà ló gbé e lọ sílé ìwòsàn. Gbogbo àfonífojì rò pé Royce ti fi irin tuntun rọ́pò sẹ́ǹtì, wọ́n ń ṣépè fún àwọn tó ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n ń gbá Royce léjìká: "Pẹ̀lẹ́ o. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀." Royce ń dáhùn pé, "Ẹ ṣé." Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀run àpáàdì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láyé, kó máa gba ìbánikẹ́dùn tí kò tọ́ sí i.

Nígbà tó padà sí ìsọ̀, ó rí sẹ́ǹtì náà nílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àti ọ́ìlì. Kò tilẹ̀ tẹ̀. Ó mú un lọ sétí odò láti sọ ọ́ nù, ó tún mú un padà wá. Ó bu ọtí sẹ́nu, ó tu ú dànù.

Enos gbé ìkòkò ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo wá. Kò wàásù. Ó mú ìgbálẹ̀, ó ń gbálẹ̀ ìsọ̀. Royce bá la àtẹ́lẹwọ́, sẹ́ǹtì wà níbẹ̀.

"Òun ló ṣì wà níbẹ̀."

Enos wò ó. "Ta ló mọ̀ pé o ò yọ ọ́?"

"Èmi. Ìwọ náà, báyìí."

"Ẹnì kan lókè ti mọ̀ kó o tó fi ayùn kàn án."

"Ṣé irú mi ṣì ṣeé gbà là, Enos? Má purọ́ fún mi. Irọ́ ti tó."

"Jésù kì í gba ẹni tó dáa là, torí kò sí. Àwọn tó ti ba nǹkan jẹ́ kọjá àtúnṣe ló kú fún. Àmọ́ o ò lè kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀ kó o sì di sẹ́ǹtì yẹn mọ́wọ́. Tú ọwọ́ ẹ."

Royce kúnlẹ̀ sínú ọ́ìlì. "Olúwa, èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe ẹ̀rọ. Ṣàánú mi nítorí ẹ̀jẹ̀ Jésù." Kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹkún ló kù. Orí ilẹ̀ ìsọ̀ yẹn ni Ọlọ́run ti gbà á.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sílé ìwòsàn, ó gbé sẹ́ǹtì náà sórí aṣọ ìbora Tully. "Àbúrò mi, mo purọ́ fún ẹ. Mi ò tún un ṣe. Èyí ni mo fi dí i."

Wáyà ni wọ́n fi di àgbọ̀n Tully pọ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ó fi ojú kan tó kù wò ó. Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí ògiri.

O rò pé màá sọ fún ọ pé wọ́n dì mọ́ra. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Wọ́n ti tú wáyà ẹnu Tully tipẹ́. Ó ń bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀, kò tíì bá Royce sọ̀rọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, Royce ń lọ la igi ìdáná fún un, ó ń tò ó sábẹ́ òrùlé, ó ń padà sílé. Tully kì í jáde. Ṣùgbọ́n kò ti géètì mọ́ ọn.

Ẹ̀ṣẹ̀ Royce ti lọ, ojú Tully kò padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kán ọ lójú.

Má sọ fún mi pé ìwọ kò mutí. Ìwọ tí ò ń lu aya rẹ tí o sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ìwọ tí ò ń ta ayédèrú oògùn fún aláìsàn, mo mọ ohun tí o fi dí tìrẹ. Nígbà tí o ka ibi tí Royce ti ní "Mo ti tún un ṣe," nǹkan kan bẹ́ láyà rẹ. O gbọ́ ọ. Orúkọ ẹnì kan sì wá sí ọ lọ́kàn.

Má wá sẹ́ǹtì. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, sọ òtítọ́ fún Jésù lónìí. Lẹ́yìn náà kí o dìde, kí o lọ sọ ọ́ fún ẹni náà, nígbà tí ojú rẹ̀ méjèèjì ṣì ń wò ọ́.