Ìgò Ọjọ́ Kẹsàn-án

Ẹ lè pè é ní irọ́, kò kàn mí. Ó ṣojú mi kòró, ìgò náà sì wà nínú fíríìjì ibi iṣẹ́ wa ní Yábàá títí di òní.

Iṣẹ́ wa ni láti mọ ibi tí òjò ti wá. Yìnyín tó dì sórí òkè gíga, òjò ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ kan máa ń wọn bí omi rẹ̀ ṣe wúwo tó, a ó sì mọ òkun tó ti gbéra. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó tó há sínú rẹ̀ ló ń sọ ilẹ̀ tó gbà kọjá. Èèyàn lè purọ́, omi kì í purọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, Akínyẹlé, ló lọ bu yìnyín lórí òkè kan ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún un. Ìgò mẹ́rin ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ọ̀lẹ ni nídìí ìyẹn: OJO 1, OJO 2, OJO 3, OJO 9. Èmi kà á sí òjò.

Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ní wàhálà. Nínú ìkẹrin, mo rí lẹ́búlẹ́bú òdòdó ilá. Ó tóbi, ó ní ẹ̀gún yíká. Ti ilá kì í bá afẹ́fẹ́ rìn. Aṣọ ló máa ń lẹ̀ mọ́. Fọ́nrán òwú búlúù kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Shakirat, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, gbin ilá sẹ́yìn ilé wọn ní Ìpọ̀nrí. Òun náà ló hun fìlà búlúù tí ọkọ rẹ̀ dé lọ.

Mo pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, òjò kẹsàn-án yìí, níbo lẹ ti bù ú?"

"Òjò kẹ̀? Ọjọ́ ni. Ọjọ́ tí mo bù ú ni mo kọ."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. "Òní pé ọjọ́ mélòó tí ẹ ti wà lókè?"

Mo ń gbọ́ afẹ́fẹ́.

"Ọjọ́ kẹfà. Motọ́lání, ìgò mẹ́ta ni mo fi ránṣẹ́."

Ìgò ọjọ́ tí kò tíì dé ló wà níwájú mi, omi inú rẹ̀ sì ti gba ara fìlà ẹ̀gbọ́n kọjá. Bó bá fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ̀gbọ́n mi á ti wà lábẹ́ yìnyín.

"Ẹ máa bọ̀ nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dọ̀la."

Ó gbọ́. Ọjọ́ kẹjọ ló wọlé. Ó ti rù díẹ̀, ó ní fóònù òun sọnù lọ́nà. Shakirat sunkún ayọ̀. Èmi náà sunkún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹsàn-án, mo lọ kí wọn. Oòrùn mú, kò síná. Ẹ̀gbọ́n jókòó ní pálọ̀, ó ń jẹun, kò sì làágùn rárá. Fóònù mi dún. Nọ́ńbà rẹ̀ ni.

"Motọ́lání." Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni, ó ń gbọ̀n. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gan-an lẹ́yìn rẹ̀. "Mi ò rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀. Yìnyín ti dí i. Wá ẹni tó máa gbé mi. Sọ fún Shakirat..."

Ẹni tó wà ní pálọ̀ gbójú sókè. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Shakirat gbé omi tì í, ó fọwọ́ lé e léjìká.

"Àǹtí, ta ni yẹn?"

Mo wo ojú Shakirat. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kó dunnú bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ṣi nọ́ńbà pè ni," mo ní, mo sì pa fóònù.

Nọ́ńbà yẹn kò pè mí mọ́ láti ọjọ́ náà, èmi náà ò sì tíì láyà láti pè é.