Kíkẹ́ Inú Kọ̀ǹpútà

"Raqeebah, wá wò ó! Kíkẹ́ ti dá mi lóhùn!"

Hadassah fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lórí àga. Ọlidé ọdún 1999 ni, ní ibùdó tí ìjọ wọn, tí Sátidé jẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi wọn, ṣètò nítòsí Ìkẹ́nnẹ́ láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìlò kọ̀ǹpútà àti íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ọmọ ni wọ́n gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí Raqeebah, ọmọ Alájì Lìádì tó ń ta obì ní Ṣàgámù, fi wà níbẹ̀, tí òun àti Hadassah sì jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan.

"Kíkẹ́ wo nìyẹn?" Raqeebah bi í.

"Ọ̀rẹ́ mi tuntun, ọmọ ìjọ wa ní Èkó. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti pàdé."

"O ti fojú rí i rí?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ tó kọjá, ó kí mi pé, 'Ẹ kú ìmúra Ọjọ́ Ìsinmi.' Ta ló ń kíni bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ọmọ ilé wa?"

Nílé àwọn Hadassah, ẹni tó bá fi ìkíni yẹn kanlẹ̀kùn, oúnjẹ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé fún un kí wọ́n tó béèrè orúkọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo sì ni Hadassah; ó ti pẹ́ tó ti ń gbàdúrà fún ẹni tí yóò máa pè ní àbúrò. Ó ti sọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún fún Kíkẹ́, ó sọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì sọ ibùdó tó wà.

Bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ni Àǹtí Adérónkẹ́, olùkọ́ wọn, ń kìlọ̀ pé, "Ẹyin lohùn; bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ẹ má sọ orúkọ yín, ibùgbé yín tàbí páásíwọ́ọ̀dù yín fún ẹni tí ẹ kò mọ̀." Alàgbà Ephraim, olórí ibùdó, a sì fi kún un pé, "Ẹni tó bá rú òfin yìí, ilé ló ń lọ!"

Raqeebah tẹjú mọ́ ohun tí Kíkẹ́ kọ: "Lọ́la, Dádì mi yóò gbé mi gba Ògèrè. Wá bá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ láàárọ̀. A ó jọ lọ sọ́jà kí n ra bàtà fún ọ. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

"Hada," ni Raqeebah wí, "ṣebí Sátidé ni ọ̀la?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í rajà ní Sátidé! Gúgúrú lásán ni mo ní ká lọ rà lọ́sẹ̀ tó kọjá, o wò mí bí ẹni tó fẹ́ jalè. Kí ni ọmọ ìjọ yín ń wá lọ́jà lọ́la?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Hadassah. "Bóyá ó gbàgbé."

"Ó rántí ìmúra, ó wá gbàgbé ọjọ́ náà fúnra rẹ̀? Bàbá mi kì í ra agbọ̀n obì láì ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀. Òkè ni wọ́n ń to èyí tó dán sí. Ìsàlẹ̀ ni kòkòrò ń gbé."

"Mi ò ní lọ mọ́. Ó ti tán, àbí?"

"Kò tán o. Ó mọ ibi tí ò ń sùn."

Hadassah rò ó wò. Bí ó bá jẹ́wọ́, wọn yóò lé e lọ sílé, ojú yóò sì ti bàbá rẹ̀ níwájú ìjọ. Bí ó bá sì dákẹ́ ńkọ́? Ó pa ojú dé, ó ní, "Olúwa, ràn mí lọ́wọ́," ó sì dìde lọ bá Àǹtí Adérónkẹ́.

Àǹtí gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìpariwo. "Kí lo sọ fún un kí ó tó kí ọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo ní mo fẹ́ pa kọ̀ǹpútà, ma, torí oòrùn ti ń wọ̀, Ọjọ́ Ìsinmi ti fẹ́ wọlé."

"Áà, ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ rẹ ló ti gbọ́ ọ. Ohun tí o fún un náà ló fi kí ọ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Alàgbà Ephraim mú àwọn ọlọ́pàá lọ sí Ògèrè. Wọn kò rí Kíkẹ́ kankan. Ọkùnrin kan tó ti lé lógójì ọdún ni wọ́n bá, òun nìkan nínú ọkọ̀, pẹ̀lú bàtà ọmọbìnrin tuntun lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Wọ́n mú un lọ.

Nígbà tí Alàgbà padà dé, ó pe gbogbo ọmọ jọ. Hadassah ti ń ro bí yóò ṣe di ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n Alàgbà gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ìhàlẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ yìí lẹ́nu mọ́," ni ó wí. "Ẹ dárí jì mí. Láti òní lọ, ẹni tó bá ṣàṣìṣe, tó sì sọ fún wa, kò ní lọ sílé. Hadassah, o kò ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò fi parí. Ṣùgbọ́n dúró, kí o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn."

Hadassah sọ ọ́ tẹkúntẹkún. Kó tó parí, ọmọ mẹ́ta ti nawọ́ sókè: àwọn náà ní "ọ̀rẹ́" tí wọn kò rí rí.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n kọ orin ọpẹ́ títí oòrùn fi wọ̀. Bí Ọjọ́ Ìsinmi ti parí ni Hadassah sáré lọ ra gúgúrú fún Raqeebah.

"Ọlọ́run ló fi ọ́ jókòó tì mí," ni ó wí. "Mo dúpẹ́."

Raqeebah ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ ọ̀rá gúgúrú náà. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ná!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kíkí tó dùn kò sọ àjèjì di ará ilé. Ẹ má fi àṣírí yín lé ẹni tí ẹ kò mọ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, ẹ tètè sọ fún àgbà tó fẹ́ràn yín. Kí ẹ sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọ̀rẹ́ tó lè wo ojú yín, kó sì sọ òtítọ́.